Ìdààmú Ojú Ọ̀nà, Eré Alẹ́

Àwọn àgbà ní ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ṣùgbọ́n ojú tó ń gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ lọ sí Kútọnu ní àràárọ̀ ń rí ìran mìíràn tí kò ní òpin. Kí oòrùn tó yọ ni òṣìṣẹ́, oníṣòwò àti akẹ́kọ̀ọ́ ti kún ojú títì. Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú Bẹ̀nẹ̀ nínú ìwé òfin, síbẹ̀ Kútọnu ni èbúté ńlá àti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba wà. Nǹkan bí 30 kìlómítà ló wà láàárín ìlú méjèèjì. Ọkọ̀ ojú irin tó máa ń gba Àjàṣẹ́ kọjá lọ sí Pọ́bẹ̀ ti dákẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, taksí àti zémidjan ni a gbójú lé. Bí ọkọ̀ kan bá wá dákú ní ìkóríta Sẹ̀mẹ̀, tàbí nítòsí ibi tí a ti ń san owó ọ̀nà ní Ekpè, kì í ṣe ẹni tó ni ọkọ̀ nìkan ni ọjọ́ bàjẹ́ fún.

Àìsàn kan tí a mọ̀ dáadáa ní ojú ọ̀nà yìí ni kí ẹ́ńjìnnì gbóná jù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ń fẹ́ sí rádíétọ̀, ó sì ń mú kí omi inú rẹ̀ tutù. Nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá ọkọ̀ dúró, atẹ́gùn yẹn kò sí mọ́, fáànù nìkan ló kù. Bí fáànù kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, tàbí bí omi bá ti ń jò díẹ̀díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fura, abẹ́rẹ́ tó ń tọ́ka sí ìgbóná yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹni tó rí i, tó sì ní òun yóò fi ipá dé ibi iṣẹ́, ń fi owó ara rẹ̀ ra wàhálà. Irin orí ẹ́ńjìnnì lè tẹ̀, ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní joint de culasse lè jó, ohun tí omi ìgò méjì ìbá wò yóò sì di iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀.

Ohun tó tọ́ ni kí á yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí á pa ọkọ̀, kí á sì ní sùúrù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí ìdérí rádíétọ̀ nígbà tó ṣì gbóná. Agbára ńlá ló sé omi inú rẹ̀ mọ́. Ó lè gbóná ju omi tó ń hó nínú ìkòkò lọ. Bí ìdérí bá ṣí, omi náà yóò tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì jó ènìyàn lójú àti lọ́wọ́.

Epo náà ní ìtàn tirẹ̀. Nàìjíríà ni kpayo tí a ń rà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà ti ń wá. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ kéde ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, iye kpayo fò sókè lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú. Epo tí a sì ń dà láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò, láti inú ìgò sínú ọkọ̀, lè kó omi àti ìdọ̀tí wọlé. Ibi tí epo ti ń sẹ́ yóò dí, ọkọ̀ yóò máa wúkọ́ bí arúgbó, yóò sì dúró.

Kí ló kan ìwé ìròyìn àṣà nínú ọ̀rọ̀ rádíétọ̀ àti epo? Ó kàn wá gidigidi. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ kì í dín iṣẹ́ kù nítorí pé ọkọ̀ wa dákú. Láti inú alẹ́ ni a ti ń san gbèsè náà. Ọmọ wa ti fi èdè Faransé lo ọjọ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Alẹ́ ni wákàtí tó kù fún Yorùbá. Bí bàbá àti ìyá bá dé ní ago mẹ́sàn-án, tí ó ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ni yóò bá ọmọ sọ̀rọ̀, èdè tí wọn yóò sì fi bá a sọ̀rọ̀ kì í sábà jẹ́ tiwa. Fíìmù kò burú; ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹ kó sinmi. Ṣùgbọ́n èdè tí kò bá rí alẹ́ gbé kì í rí ọ̀la.

Àwọn baba wa mọ ohun tí à ń fi ìrọ̀lẹ́ ṣe. Ọpọ́n ayò, ihò rẹ̀ 12, ọmọ rẹ̀ 48, kò bèèrè iná mànàmáná. Àlọ́ kò bèèrè owó. Ní Kétu àti agbègbè rẹ̀, òru ni Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lójú ọ̀sán. Ní ọdún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Ohun tó yẹ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣàkíyèsí ni pé ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ kò jábọ́ láti ọ̀run. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìlú ni, ìwà àṣejù àti ìwà ìtìjú, tí ẹlẹ́fẹ̀ kó jọ, tó sọ di ẹ̀rín, tó sì sọ di ẹ̀kọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdààmú ojú ọ̀nà ṣe lè di eré alẹ́. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dákú ní òwúrọ̀ ti rí ìtàn gbé wálé: onízémidjan tó sọ̀ kalẹ̀ bá a ti ọkọ̀, ìyá ẹlẹ́kọ tó bu omi fún un, alágbàsọ tó ní òun mọ ọkọ̀ ṣe, tí kò sì mọ ibi tí bátìrì wà. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ní Yorùbá. Ẹ sì fi pa àlọ́ àpamọ̀ tuntun fún wọn:

Àwọn arákùnrin mẹ́rin ń sáré, ìkarùn-ún ń sùn nínú yàrá. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá ṣubú ni olóorun yóò jí. Kí ni o?

Ó ń mu omi, kì í yó. Bí inú bá ń bí i, má ṣe là á lẹ́nu. Kí ni o?

Ọmọ tó bá já ti àkọ́kọ́ ti mọ táyà ẹ̀yìn ọkọ̀. Èyí tó bá já ìkejì kò ní ṣí rádíétọ̀ gbígbóná láé.

Nítorí náà, ìṣẹ́jú márùn-ún ní òwúrọ̀, nígbà tí ọkọ̀ ṣì tutù: ẹ wo omi, ẹ wo ọ́ìlì, ẹ wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìkarùn-ún tó ń sùn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní alẹ́: ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ń tọ́jú èdè ọmọ rẹ̀ ní alẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ hun àlọ́ tiyín nípa ọ̀nà tí ẹ̀ ń gbà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ibi iṣẹ́, kí ẹ sì pa á fún àwọn ará ilé yín lálẹ́ òní.

Ọ̀nà á dára o.