Bí ọmọ yín bá fẹ́ lọ sùn ní káńpù létí omi

Ìyá àgbà kan ní Ìjurìn-Èkìtì ló ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní ìjọ fẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí káńpù nígbà ìsinmi, ọmọ-ọmọ àwọn sì wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n máa fi sùn létí omi. Ṣé kí àwọn jẹ́ kó lọ?

Màmá, ẹ jẹ́ kó lọ. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé irú omi wo ni.

Ẹ̀yin ará Ìjerò, Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n mọ Ìkógòsì dáadáa, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pàdé. Ní 1952, míṣánnárì Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, sọ ibẹ̀ di káńpù àwọn ọ̀dọ́. Omi tó ń ṣàn nìyẹn. Ti adágún yàtọ̀. Níbi tí omi bá dúró sí, tí koríko sì hù sí i létí, ibẹ̀ ni àwọn ìgbín omi kéékèèké fẹ́ràn. Bí ẹni tó ní àrùn bá tọ̀ sínú rẹ̀, kòkòrò inú ìtọ̀ náà á wọ inú ìgbín, á pọ̀ sí i níbẹ̀, á tún jáde sínú omi, pàápàá lọ́sàn-án gangan. Ọmọ kò tilẹ̀ ní láti mu omi ọ̀hún. Awọ ara ni kòkòrò náà ń gbà wọlé. Àtọ̀sí ajá nìyẹn.

Orúkọ yìí gan-an ló ń bí mi nínú. Bí ọmọ bá ti gbọ́ “àtọ̀sí”, ẹ̀rù á bà á pé wọ́n á ní òun ṣe ìṣekúṣe, ló bá dákẹ́. Àwọn bàbá mìíràn á ní ọmọkùnrin àwọn ń bàlágà ni. Irọ́ ni o! Omi ló ti kó o. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ títí, ó ń ba àpò ìtọ̀ àti kídìnrín jẹ́, ó sì lè di jẹjẹrẹ.

Nígbà tí wọ́n ṣí dáàmù Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1983, omi ẹ̀rọ fún Èkó àti Abẹ́òkúta ni wọ́n ń wá. Adágún tó tibẹ̀ jáde ló kó àrùn yìí ran àwọn ọmọ abúlé etí rẹ̀. Bákan náà ló rí ní adágún Volta ní Gánà, lẹ́yìn dáàmù Akosombo ti 1965.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ adágún ni, kí wọ́n ṣeré lórí ilẹ̀, kí wọ́n sì fi omi kànga wẹ̀. Bí kò bá sí òmíràn, kí wọ́n sè é kó hó, tàbí kí wọ́n pọn ọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. (Nínú ọjọ́ mẹ́rin, ẹ yáa sè é.) Kí àgbàlagbà kan tó mọ odò wẹ̀ máa ṣọ́ wọn, kí wọ́n sì sùn nínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn.

Ẹ̀yin àgbà tó bá bá wọn lọ sí Ìkógòsì, bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má pẹ́ nínú omi gbígbóná. Ó lè fa òòyì. Ẹ rọra dìde, kí ẹ di ẹnì kan mú, torí òkúta ibẹ̀ ń yọ̀.

Bí ọmọ bá wẹ̀ nínú adágún, oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà ni kí ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ń kán ní ìparí ìtọ̀ rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ìtọ̀ náà wò. Oògùn rẹ̀ ni praziquantel. Bí ọmọ bá ṣe tẹ̀wọ̀n tó ni wọ́n ń ka iye hóró tó máa lò, lẹ́yìn tó bá ti jẹun. Bó bá lò ó lọ́jọ́ tó dé, kòkòrò náà ṣì kéré jù fún un. Abẹ́rẹ́ àtọ̀sí gidi kò sì ràn án rárá.

Màmá Ìjurìn, bó bá jẹ́ Ìkógòsì ni wọ́n ń lọ, ẹ fi ẹ̀wù òtútù sínú ẹrù rẹ̀. Òru ibẹ̀ máa ń tutù.