Ẹ Má Dáná Sun Àpótí Bàbá Yín

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kó fi í sílẹ̀ di alẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni. Kì í ṣe ìwé iléèwé o. Ìwé inú àpótí páànù tó wà lábẹ́ ibùsùn bàbá yín là ń sọ: lẹ́tà tó ti pọ́n, rìsíìtì, ìwé owó kòkó, bébà tí wọ́n fi pín ilẹ̀. Láàrin oṣù méjì, ìdílé mẹ́ta ló pè wá pé ká wá gbàdúrà sílé àwọn lẹ́yìn ìsìnkú bàbá wọn. Ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a bá àpótí lẹ́yìnkùlé, kẹrosíìnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pásítọ̀ nìkan ni wọ́n ń dúró dè. A ní kí wọ́n gbé e padà sínú ilé. Wọ́n wò wá bí ẹni tí iná ẹ̀mí rẹ̀ ti kú.

Ká má purọ́, àwa náà ti ṣe é rí.

Bàbá wa sùn nínú Olúwa ní 2003. Àwa ọmọ rẹ̀ márààrún pàdé sílé, níhìn-ín nÍlọrin. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìránṣẹ́ nígbà náà, iná wà lára, ibi gbogbo la ti ń rí ẹ̀mí àtìrandíran. A ṣí àpótí bàbá. Lókè pátápátá, bébà kan tó ti gbó, wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ọ̀kan nínú wa pariwo pé, "Ẹ wò ó, tírà!" Ó tán. Kò sẹ́ni tó tún wo ìyókù. A kó gbogbo ẹ̀ jáde, a da kẹrosíìnì sí i, a ń kọrin, a ń pàtẹ́wọ́.

Ohun tí a rí fìrí kí iná tó mú un, a ṣì rántí. Ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bàbá wa. Rìsíìtì ìṣákọ́lẹ̀ tó ń san lórí oko kòkó rẹ̀ ní ìhà Ifẹ̀, ó fi okùn dì wọ́n ní ọdọọdún, ó tò wọ́n dáadáa ju bí a ṣe ń to rìsíìtì ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Àti lẹ́tà tí àbúrò rẹ̀ ń kọ sí i láti Kùmásí, ó tó ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dé sí oko bàbá bàbá wa ní ìhà Asá. Wọ́n ti ri òpó mọ́lẹ̀ kí a tó gbọ́. A sáré lọ bá Àáfà àgbà kan tó jẹ́ pé bàbá tiẹ̀ ló fún bàbá bàbá wa nílẹ̀ yẹn láti máa dáko. A kúnlẹ̀, a kí i, a ròyìn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá yìí bi wá.

"Ìwé tí àwọn bàbá wa jọ kọ dà?"

"Ìwé wo nìyẹn, bàbá?"

"Èyí tí wọ́n fi ànjẹ̀mí kọ. Méjì ni wọ́n kọ ọ́. Ọ̀kan ń bẹ lọ́wọ́ tiwa, ọ̀kan ń bẹ lọ́wọ́ tiyín."

Ara wa tutù. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ ànjẹ̀mí, Yorùbá ni. Lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́, èdè tí à ń sọ yìí ló sì wà nínú ẹ̀. Kí iléèwé tó dé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà Ìlọrin ṣe ń kọ gbèsè sílẹ̀, tí wọ́n ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ, tí wọ́n ń kọ ààlà oko. Tírà tí a sun kì í ṣe tírà. Orúkọ bàbá bàbá wa ló wà níbẹ̀. Iye iṣu tí yóò máa gbé wá lọ́dọọdún ló wà níbẹ̀. Odò àti igi tó jẹ́ ààlà ló wà níbẹ̀. Àwa pẹ̀lú orin àti àtẹ́wọ́ la sun ún.

Àáfà yìí ì bá ti dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, ilẹ̀ sì ti wọ́n. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó gbé àpò awọ kan jáde, ó yọ èkejì ìwé náà, ó kà á sí wa létí. Ikán ti jẹ etí rẹ̀ kan, ibi tí ọdún àti orúkọ ẹlẹ́rìí kan wà. Ó tẹ̀ lé wa dé kóòtù, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Títí di bí a ṣe ń kọ èyí, ẹjọ́ náà kò tíì parí. Lọ́yà wa sọ fún wa pé Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ pé, ìwé tó bá ti lé ní 20 ọdún, tó sì jáde láti ibi tó yẹ kó wà, kóòtù lè gbà á pé ọwọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló kọ ọ́. Láti ibi tó yẹ kó wà. Àpótí bàbá wa ni ibi tó yẹ kó wà.

A mọ̀ pé àwọn kan á ti máa tẹ Ìṣe Àwọn Àpósítélì 19 ránṣẹ́ báyìí. Ẹ sinmi ná, a mọ̀ ọ́n. Ní Éfésù, wọ́n kó ìwé jọ, wọ́n sun ún. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa. Ìwé idán ni. Àwọn tó ni ín ló kó tiwọn wá, wọ́n sì jẹ́wọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó lọ tú àpótí òkú. Wọ́n tún ṣírò owó rẹ̀, ó jẹ́ 50,000 owó fàdákà. Ìyẹn ni pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sun. Àwa kò mọ̀. A ò kà á, a ò pe ẹni tó lè kà á, ilé Àáfà kò sì jìnnà sí wa ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo Jeremáyà 32. Ogun Bábílónì ti yí Jerúsálẹ́mù ká, wòlíì wà ní àhámọ́, ó ń ra oko ìbátan rẹ̀ ní Ánátótì ní ṣékélì 17. Ìwé méjì ni wọ́n ṣe, ọ̀kan tí wọ́n fi èdìdì dì, ọ̀kan tó ṣí sílẹ̀. Ó ní kí Bárúkù kó méjèèjì sínú ìkòkò amọ̀, kí wọ́n lè pẹ́ títí. Nígbà tí Ọlọ́run fẹ́ sọ pé ìrètí ṣì wà fún àwọn èèyàn yẹn, ìwé ilẹ̀ ló fi sọ ọ́. Méjì, gẹ́gẹ́ bíi ti Àáfà wa. A ti wàásù lórí orí yìí láìmọye ìgbà, ìgbàgbọ́ là ń fi kọ́ni níbẹ̀. Kò sígbà kan tí a dárúkọ ìkòkò.

Bí ẹ bá bá oògùn gidi nínú àpótí, ìyẹn yàtọ̀, ẹ pè wá. Ṣùgbọ́n rìsíìtì kòkó kì í ṣe oògùn.

Látìgbà tí ojú wa ti là, a ti ń wá àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tí ìwé wọn kò jóná. Ọ̀kan ni Akinpẹlu Ọbisẹsan ti Ìbàdàn. Ọmọ jagunjagun ni, ó ní oko kòkó, ó di olórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olóko kòkó Ìbàdàn, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún báǹkì wọn, Cooperative Bank. Láti 1914 ló ti ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lójoojúmọ́ sílẹ̀, ó sì ṣe é fún ohun tó lé ní 40 ọdún. Ìwé náà wà ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ má rò pé ògo nìkan ló kọ. Ó kọ gbèsè ọrùn rẹ̀, ó kọ aáwọ̀ ilẹ̀ ìdílé, ó kọ bí owó ṣe ń wù ú tí kò sì rí i. Ká ní àwọn ọmọ rẹ̀ sun ún nítorí ìtìjú gbèsè ńkọ́? Ta ni ì bá sọ fún wa bí ọ̀mọ̀wé kan tó tún jẹ́ àgbẹ̀ ṣe gbé ìgbà náà?

Èkejì kan wa gbọ̀ngbọ̀n, àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì. Jacob Kẹhinde Coker, ọmọ Ẹ̀gbá, oníṣòwò l'Ékòó. Nígbà tí wọ́n yọ Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's, Breadfruit, ní 1901, Coker wà lára àwọn tó bínú jáde tí wọ́n dá African Church sílẹ̀. Ó ní oko ńlá ní Ifákò, lágbègbè Agége, ó sì wà nídìí ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907. Lẹ́tà rẹ̀ àti ìwé oko rẹ̀ wà ní National Archives n'Ìbàdàn. Àwọn onítàn kà wọ́n, ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ sì yí ìtàn padà: kì í ṣe ìjọba Òyìnbó ló kó kòkó fún àwọn bàbá wa. Àwọn fúnra wọn ló gbìn ín, tí wọ́n dán an wò, tí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Àwọn oníwàásù àti ọmọ ìjọ African Church sì wà lára àwọn tó gbé irúgbìn àti ọgbọ́n rẹ̀ wọ ìgbèríko. Ẹ̀yin tí kòkó rán níléèwé, apá kan lára owó yín, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti gbéra. Bí ìwé Coker bá jóná, ta ni yóò gbà wá gbọ́ bí a bá sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ ti fẹ́ sọ pé gbajúmọ̀ ni àwọn wọ̀nyẹn, pé bàbá tiyín kì í ṣe Coker. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká dé Amẹ́ríkà. Ní 1862, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin pé ẹni tó bá lọ tẹ̀dó sí ìwọ̀-oòrùn, tó gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún, tó sì dáko, yóò gba ilẹ̀ 160 éékà. (Ilẹ̀ tí wọ́n gbà mọ́ onílẹ̀ lọ́wọ́ ni o, ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.) Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Uriah Oblinger. Kì í ṣe gómìnà, kò lówó. Ní 1872 ó lọ wá ilẹ̀ sí Nebraska, ó fi Mattie ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn kékeré sílẹ̀, ó ń kọ lẹ́tà sílé. Ní 1873 ìyàwó lọ bá a. Erùpẹ̀ tòun ti koríko rẹ̀ ni wọ́n gé bíi búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọ́lé. Ní 1880, Mattie kú níbi ìbímọ. Kò ju ìyẹn náà lọ: tálákà tó ń dáko, ìyàwó tó kú lórí ìkúnlẹ̀. Ìdílé wọn tọ́jú lẹ́tà wọ̀nyẹn. Lónìí, ilé ìkàwé àgbà ti ìjọba Amẹ́ríkà, Library of Congress, ti tẹ́ wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ọmọ iléèwé ń kà wọ́n.

Àwọn Àáfà ìlú wa ti mọ iyì tiwọn. Ní Málété, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìwé àfọwọ́kọ àti àṣà Ìlọrin. Ó yẹ kó jẹ́ àwa onígbàgbọ́ lówú díẹ̀.

Àwọn kan sọ fún wa pé ìwé máa ń dá ìjà sílẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹ lè bá orúkọ ìyàwó tí ẹ kò mọ̀, ẹ lè bá gbèsè tí wọn kò san. Ìjà yẹn wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé kọ́ ló bí i.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, ní agogo mẹ́wàá, ẹ kó ìwé yín wá sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọ̀dọ́ wa á fi fóònù ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ọmọ ìdílé bíi mẹ́ta, kó má baà jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ní in. Ìwé gangan á padà sílé pẹ̀lú yín, a ò ní gba ẹyọ kan dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ fi láílọ́ọ̀nù lẹ̀ ẹ́ pa lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe láminéètì, ó máa ń bà á jẹ́ ni. Ọmọ ọmọ Àáfà yẹn ti gbà láti wá bá wa ka ànjẹ̀mí. Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn pé Àáfà fẹ́ wọ gbọ̀ngàn wa, kó jókòó sílé lọ́jọ́ náà.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Ní 18 November 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti jáde. Àwọn ará Ìlọrin, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò fi ṣọ́ọ̀bù àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n wálé. Àbúrò bàbá wa dé ní December pẹ̀lú báàgì kan. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Gánà àti ọmọ méjì kù sí Kùmásí. Ó ti kú, bàbá wa ti kú. Orúkọ àwọn ọmọ yẹn wà nínú lẹ́tà, a ò kà á kí a tó sun ún. Wọ́n á ti lé ní 50 ọdún báyìí, ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n, a ò sì mọ ohun tí wọ́n ń jẹ́. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ní àgbà kan nílé tó gbé Kùmásí kí 1969 tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi í bóyá ó mọ ọmọ Ìlọrin kan tó ń ta aṣọ níbẹ̀, tó ga, tó máa ń tiro díẹ̀ ní ẹsẹ̀ òsì. Kí ẹ kọ ọ́ sí wa nísàlẹ̀ yìí, tàbí kí ẹ pè wá. Kò sí àkókò tó pẹ́ jù, òru náà a ó gbé e.