Ọwọ́ Ìjọba Nínú Ilé-Iṣẹ́

Àwọn kan ń wí pé kí ìjọba yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ọ̀ràn ilé-iṣẹ́ pátápátá, pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ṣe di ọlọ́rọ̀. Àwa kò gbà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni irú àdéhùn tí ìjọba bá ẹni tí ó ń ràn lọ́wọ́ ṣe.

Ẹ wo Amẹ́ríkà, tí ó ti ń wàásù òwò òmìnira fún gbogbo ayé tipẹ́. Ní 2022, ó ṣe òfin tí ó ya bílíọ̀nù dọ́là tí ó lé ní 50 sọ́tọ̀ fún ṣíṣe àwọn ègé wẹ́wẹ́ tí ó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba owó náà kò gbọdọ̀ mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbòòrò ní Ṣáínà fún ọdún 10. Ní Kòríà Gúúsù, ní àwọn ọdún 1960, ìjọba ń yá àwọn oníṣòwò lówó pẹ̀lú èlé kékeré, ṣùgbọ́n ó bu iye ọjà tí wọn yóò tà sí òkè òkun fún wọn. Ní 1968 ni a dá ilé-iṣẹ́ irin POSCO sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ó fi di 1973, ó ti ń yọ irin.

Ní ilẹ̀ tiwa, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bá àwọn olówò òkè òkun dá owó pọ̀ lórí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, a sì ń ṣe sìmẹ́ńtì níbẹ̀ títí di òní. Ní 1979, ìjọba àpapọ̀ bá àwọn ará Soviet tọwọ́ bọ ìwé lórí irin Àjàòkúta. Ó ti lé ní ogójì ọdún; iná kò tíì jó rí nínú ìléru ńlá rẹ̀.

Bí a bá fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́, a máa ń dá iye ọdún tí yóò lò, a sì máa ń retí ọjọ́ òmìnira rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó rí láàrin ìjọba àti ilé-iṣẹ́.

Èyí kàn wá ní Gbàgádà. Ìjọba ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ nìkan kò lè yí ẹ̀rọ. Láti 2023, òfin ti fún ìpínlẹ̀ ní agbára láti pèsè iná mànàmáná fún ara rẹ̀. Èkó sì ti ṣe òfin tirẹ̀ ní 2024. A ń fẹ́ kí ìjọba Èkó fi àgbègbè ilé-iṣẹ́ bíi ti Gbàgádà ṣáájú, kí ó sọ ọjọ́ tí iná yóò dé, kí àwọn oníléeṣẹ́ náà sì sọ iye ọ̀dọ́ tí wọn yóò gbà síṣẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, bí ẹnikẹ́ni bá wá ṣèlérí ilé-iṣẹ́ fún yín, ẹ bi í pé: ta ni yóò san owó rẹ̀, ọjọ́ wo ni yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ bí ó bá kùnà? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ má ṣe dìbò fún un.