Ọ̀DÀ KÒ LÈ GBÉ ILÉ RÓ: TA LÓ Ń YẸ ILÉ Ẹ̀KỌ́ ỌMỌ WA WÒ?

Àsìkò ìbò tún dé. Àwọn tó wà lórí àga yóò tún kó ọkọ̀ wọ ìlú yín. Wọn yóò gé ríbọ́ọ̀nù níwájú ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà, onílù yóò máa lù, oníyàwòrán yóò máa ya fọ́tò. Kí ẹ tó pàtẹ́wọ́, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ló yẹ ilé yìí wò, ọjọ́ wo ló yẹ̀ ẹ́ wò, ìwé rẹ̀ dà?

Wọn yóò ní ọ̀rọ̀ òṣèlú lásán ni. Ó dáa. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ní Ìta Fààjì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó lulẹ̀ ní òwúrọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wà ní kíláàsì lókè rẹ̀. Èèyàn 20 ló kú níbẹ̀, ọmọdé sì wà nínú wọn. Ìjọba Èkó ìgbà náà fúnra wọn ló sọ pé ilé gbígbé ni, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́, àti pé àwọn ti fi àmì sí i tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o. Ẹ gbọ́ o! Wọ́n mọ̀! Ṣé ẹnìkan lọ bá ìyá tó ń mú ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ láràárọ̀ pé, “Ìyá, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbí”? Lẹ́yìn tí òkú ti sùn ni wọ́n wá ń fi katakata wó àwọn ilé mìíràn tí wọ́n ti fi àmì sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Jọ́ọ̀sì. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹ̀kọ́ alájà méjì kan wó lu àwọn ọmọ mọ́lẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 22 ló kú. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Plateau ní ilé náà kò lágbára, àti pé etí odò ló wà. Odò náà kò ṣí wá síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Kì í ṣe ilé tó wó nìkan ló ń pa ọmọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024 kan náà, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan ní Baṣọ̀run ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe fàájì ọdún fún àwọn ọmọdé, èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ọmọ 35 kú. Ẹjọ́ ta ló jẹ̀bi kọ́ la ń rò níhìn-ín. Ohun tí à ń wí ni pé, ilé ẹ̀kọ́ wo nínú ìlú yín ló kọ ọ́ sára géètì pé iye èèyàn báyìí ni ọgbà yìí lè gbà?

Òfin ńkọ́? Òfin kún àpótí. Ìlànà ilé kíkọ́ ti wà fún gbogbo Nàìjíríà láti ọdún 2006. Ní ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ tún gbé ìlànà mìíràn jáde nípa ààbò ilé ẹ̀kọ́. Ìwé wà, ẹni tí yóò gbé ìwé dé abúlé ni kò sí. Bó bá sì dé, ó lè jẹ́ pé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni yóò jókòó sí, tí wọn yóò fún un ní àpòòwé, tí yóò sì máa lọ láì wo òrùlé.

Nítorí náà, ẹ̀yin fúnra yín, ẹ lọ wo ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò yín lọ́la. Kò gba ìwé mẹ́wàá. Ẹ fi èékánná ha búlọ́ọ̀kù: bó bá ń dà sílẹ̀ bíi gààrí, yanrìn ló pọ̀, sìmẹ́ǹtì kò tó. Ẹ wo ògiri bóyá ó là láti ìsàlẹ̀ dókè, tí ìka ọwọ́ fi lè wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ ka àtẹ̀gùn rẹ̀: ṣé ẹyọ kan ni, ṣé òkè pátápátá ni wọ́n kó àwọn ọmọ tí kò tíì lè so okùn bàtà sí? Ẹ ti ilẹ̀kùn kíláàsì wò. Ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, bí iná bá sọ tí ọgọ́ta ọmọ sáré lù ú, ara wọn ni yóò tì í pa. Fèrèsé tí wọ́n fi irin dí nítorí olè ńkọ́? Olè kò lè wọlé lóòótọ́, ọmọ náà kò sì lè jáde. Ẹ wo ṣáláńgá: àwọn oníṣẹ́ ìlera a máa ní kí ó jìnnà sí kànga tó mítà 30. Ní ibòmíràn, ṣáláńgá kò tilẹ̀ sí, ọmọbìnrin tó ti bàlágà a máa jókòó sílé lóṣooṣù. Ẹ wo àyíká pẹ̀lú. Agbaṣẹ́ṣe a dé, a gé gbogbo igi tó ń gba atẹ́gùn dúró, a kan páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ pákó tútù. Òjò àkọ́rọ̀ kan péré, páànù ti bá ìjì lọ sóko olóko. Ọdún tó ń bọ̀, agbaṣẹ́ṣe yẹn kan náà ni wọn yóò tún gbé iṣẹ́ fún.

Wọn yóò ní kò sówó. Irọ́ ni o! Òfin UBE ti ọdún 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ owó ilé kíkọ́ níbẹ̀ yóò mú tirẹ̀ wá, náírà kan sí náírà kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àjọ náà ti kígbe pé owó àwọn ìpínlẹ̀ kan jókòó sí Àbújá, wọn kò wá gbà á. Ẹni tí kò rí owó tirẹ̀ mú wá ń rí owó ra ọkọ̀ gbọ̀ngbọ̀nràn.

A kò ní kí wọ́n kọ́ ààfin. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ̀pọ̀ kíláàsì. Nígbà tí Jákàńdè ń ṣe gómìnà l'Ékòó, láti 1979 sí 1983, ó kọ́ kíláàsì ilé ilẹ̀ lọ súà, àwọn alátakò ń pè é ní ilé adìyẹ. Ilé adìyẹ yẹn ló fòpin sí kí ọmọ kan lọ láàárọ̀, kí òmíràn lọ lọ́sàn-án.

Ní yunifásítì ńkọ́? Yàrá ẹni mẹ́rin, mẹ́wàá ń sùn níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń tú èéfín. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 2019 ni wọ́n ti ṣí iná oòrùn mẹ́gáwáàtì 7.1 ní Bayero University ní Kánò. Ṣé oòrùn Kánò nìkan ló ń ràn ni?

Àwọn kan nínú yín ń bẹ̀rù pé bí a bá ń yẹ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni wò, a ó tì wọ́n, ọmọ kò sì ní ríbi lọ. Ìbẹ̀rù yín kò ṣàìtọ́. Ilé tó lè pa ọmọ la ó tì lọ́jọ́ náà gan-an, ìjọba ni yóò sì wá àyè fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Èyí tó ṣeé tún ṣe, a ó fún onílé ní sáà kan láti tún un ṣe.

Àdéhùn ẹgbẹ́ wa nìyí: bí ẹ bá dìbò fún wa, ẹnjiníà yóò yẹ gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wò láàárín ọdún kan, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ìwé tó bá kọ, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó wá, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì ní èdè Yorùbá, kí ìyá oníṣu lè kà á. Ilé tí kò bá ní ìwé, gómìnà wa kò ní gé ríbọ́ọ̀nù níbẹ̀. Bí olùdíje wa bá dé ọjà yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tó ń jó, tó ń pín fìlà, tí kò dárúkọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ gba máíkì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bi í.