A Máa Ń Kágò Kí A Tó Wọlé: Ọ̀rọ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà Ilé Wa

Ní ìsinmi tó kọjá, ẹkún ìyàwó 16 tí mo gbà sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn fún àpilẹ̀kọ oyè ìmọ̀ mi pòórá lórí kọ̀ǹpútà ilé wa. Àbúrò mi ló ń wá ààyè fún fíìmù. Ó gba orí Wi-Fi wọlé láti orí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, ó rí fódà tí kò yé e, ó sì pa á rẹ́. Mo sáré lọ wo Recycle Bin, n ò bá nǹkan kan níbẹ̀. Fáìlì tí ènìyàn bá pa rẹ́ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sábà dé ibẹ̀. Ó lọ nìyẹn. Nínú àwọn ìyá mẹ́ta tó sun ẹkún yẹn fún mi, ọ̀kan ti di olóògbé.

Gbogbo ilé bá ọmọ náà wí. Èmi ò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi yan Everyone, tí mo sì tẹ Full Control, kí iṣẹ́ lè yá. Akáúǹtì kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò. A lẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́ ògiri.

Nígbà tí mo wá sọ pé kálukú yóò ní akáúǹtì tirẹ̀, Mọ́mì bi mí pé, "Ṣé olè ni wá nínú ilé yìí ni?" Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò ní máa gba àyè lọ́wọ́ ọmọ tí òun pọ̀n. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yìí wà nílé tiyín náà. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé bí a ṣe ń gbé nìyẹn? Ẹnu ọ̀nà kan ni agbo ilé ní, síbẹ̀ kálukú ló ní yàrá tirẹ̀, a sì máa ń kágò kí a tó wọ ti ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó ń pe onítọ̀hún ní ahun.

Ohun tí mo ṣe kò le. Akáúǹtì alábòójútó kan ló wà, a kì í sì í fi ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́. Gbogbo wa yòókù, èmi náà, ń lo akáúǹtì lásán, torí agbára akáúǹtì tí ènìyàn wà lórí rẹ̀ ni ètò burúkú tó bá yọ́ wọlé yóò máa lò. Fódà máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mọ́mì, àwọn nìkan ló ń ṣí i. Àwòrán ẹbí, gbogbo wa lè wò ó, ẹni méjì péré ló lè yí i padà. Fódà kan wà tí mo pè ní Ọjà. Níbẹ̀, kí kálukú ṣe bó ṣe wù ú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé ilẹ̀kùn méjì ni Windows ní: Sharing àti Security. Ẹni tó bá gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé gbọ́dọ̀ gba méjèèjì kọjá, èyí tó bá le jù nínú wọn ló sì ń borí. Ẹni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà gan-an kò bá Sharing pàdé rárá. Nítorí náà, bí ẹ bá ti Sharing pa tí ẹ ṣí Security sílẹ̀ gbayawu, ẹ̀yìnkùlé ṣì wà ní ṣíṣí. (Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀dà pamọ́ sórí fíláàṣì. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀.)

Ó ku ìbẹ̀rù kan tí mo gbà pé ó tọ́: alábòójútó lè fi agbára rẹ̀ ṣí fódà ẹnikẹ́ni. Mo kọ páásíwọ́ọ̀dù alábòójútó sínú àpòòwé, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo sì kó o fún Mọ́mì pé kí wọ́n fi sínú àpótí aṣọ wọn. Bí mo bá nílò rẹ̀, màá tọrọ rẹ̀ níwájú gbogbo ilé. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti dákẹ́.

Mọ́mì ṣì ń kùn pé páásíwọ́ọ̀dù tiwọn ti gùn jù. Mo fi ibi tí wọ́n ti lè yí i padà hàn wọ́n, mo sì kọjú sí ògiri nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́.