Ó Ku Ẹnì Kan

Ẹni tó bá ti wọkọ̀ rí láti Ẹdẹ lọ sí Ìbàdàn ti gbọ́ irọ́ tó wọ́pọ̀ jù ní gáréèjì. "Ó ku ẹnì kan! Ẹnì kan ṣoṣo ló kù o, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!" Wàá sáré, wàá gbé báàgì lé itan, ìgbà tó o bá jókòó tán lo máa mọ̀ pé ìwọ lẹnì kejì nínú Sienna tó ń gba èèyàn méje. Ọ̀gbẹ́ni tó jókòó síwájú bí èrò, tó ń wo aago lemọ́lemọ́, ọmọ gáréèjì ni. Tí ọkọ̀ bá ti fẹ́ kún, á rọra sọ̀ kalẹ̀, á lọ jókòó sínú èyí tó kàn. (Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tíátà lọ́dọ̀ wa ò ṣe tó o.)

Nígbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ráhùn nípa ìrìn àjò, owó ọkọ̀ la sábà máa ń fi ṣáájú, a ò sì jayò pa. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí lítà bẹntiróòlù kan sì di ₦617 ní oṣù Keje ọdún náà, kò sẹ́ni tọ́rọ̀ ò kàn. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé owó kọ́ ló ń jẹ wá níyà jù. Owó ọkọ̀, èèyàn á béèrè iye tó jẹ́, á sì mọ̀ bóyá kóun lọ tàbí kóun fara mọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì di ìparí oṣù. Ìdúró ni kò níye. O lè dé gáréèjì ní aago kan kí ọkọ̀ gbéra ní aago kan àbọ̀. O sì lè wà níbẹ̀ títí aago mẹ́rin á fi kọjá. Ẹni tó bá kúrò ní Ẹdẹ lẹ́yìn aago mẹ́rin, tó ba ti Gbọ̀ngán àti Ìkirè gbà dé Ìwó Róòdù, ilẹ̀ ti ń ṣú nìyẹn, ó sì tún ku ọkọ̀ mìíràn tó máa gbé e délé. Inú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ ni wọ̀ọ́ǹ-ṣáàǹsì ti ń pàdé èèyàn. Gbogbo ìyá tó ní ọmọbìnrin nílé ìwé ló mọ ìpè aago mẹ́jọ alẹ́ yẹn: "O ti débo báyìí?"

Nínú kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń dá òwò sílẹ̀, wọ́n ní ká pín ara wa sí mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú èrò òwò kan wá. Àwọn kan mú shawarma wá, àwọn kan mú wíìgì. Ẹgbẹ́ kan dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe "Uber ti Ẹdẹ", ni kíláàsì bá pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́.

Ìtàn tí àwọn tó dá Uber sílẹ̀ máa ń sọ ni pé lálẹ́ ọjọ́ kan ní Paris lọ́dún 2008, Travis Kalanick àti Garrett Camp ò rí takisí wọ̀. Ìyà tó jẹ wọ́n nìyẹn, oògùn rẹ̀ náà ni wọ́n sì wá. Ìyà tiwa kọ́. Ọkọ̀ ò wọ́n ní Ẹdẹ. Ọkọ̀ wà nílẹ̀ gbalaja, dẹ́rẹ́bà ti na ẹsẹ̀ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń sùn. Èrò náà wà: méjì ní gáréèjì, mẹ́ta ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń dúró kí oòrùn rọ̀, méjì tó ń fi ọṣẹ́ rọra ń fọ aṣọ nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn tó kọ́kọ́ dé ló máa jìyà ìdúró. Gbogbo wọn ló ń lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Jímọ̀ kan náà. Ohun tí kò sí ni pé kí wọ́n mọ̀ nípa ara wọn.

Àpẹẹrẹ tó bá tiwa mu jù tí mo mọ̀ ni ti Zimride. Logan Green, ará Amẹ́ríkà, lọ sí Zimbabwe, ó rí bí àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe ń há mọ́ra nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo nítorí kò sóhun tí kálukú wọn lè dá gùn. Ohun tá a fi ń ṣépè gan-an ló wú u lórí. Nígbà tó padà sílé, òun àti John Zimmer dá Zimride sílẹ̀ lọ́dún 2007, àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Cornell ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Zimmer ló bí orúkọ yẹn, Zimbabwe ni. Nígbà tó di 2012, inú ilé iṣẹ́ yìí kan náà ni Lyft ti jáde. Wọn ò ra ọkọ̀ kankan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ o. Ẹni tó ń lọ síbi kan ni wọ́n jẹ́ kó mọ ẹlòmíì tó ń lọ síbẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ nílé ìwé ṣe kedere: ọjọ́ kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ sílé, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń padà.

Ohun tí ẹgbẹ́ tiwa gbé kalẹ̀ nìyí. Títí alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Ìbàdàn á fi orúkọ sílẹ̀ lórí WhatsApp, á san díẹ̀ nínú owó ọkọ̀. Tí orúkọ bá ti pé méje, a ó pe dẹ́rẹ́bà kan. Ní aago kan ọ̀sán Jímọ̀, ọkọ̀ á gbéra. Ká ní ₦200 la ń gbà lórí ìjókòó kan, ₦1,400 nìyẹn lórí ọkọ̀ kan; ọkọ̀ márùn-ún á jẹ́ ₦7,000. Kò lè sọ ẹnikẹ́ni di olówó, ṣùgbọ́n ó sàn ju shawarma tí kò tà lọ. Orúkọ tó wà lọ́wọ́ wa tún wúlò fún nǹkan mìíràn: ẹnì kan mọ àwọn tó wọ ọkọ̀ wo, ó mọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dé.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà bi mí pé kí ni ẹni tó ń ka Yorùbá máa rí ṣe nínú irú nǹkan báyìí. Mo ní kó kọ áàpù rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì kó wá gbé e lọ fún àwọn dẹ́rẹ́bà wa. Àwọn tá a bá sọ̀rọ̀, ohùn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, Yorùbá pọ́ńbélé ni. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn dòwò, ohùn ni kó fi ránṣẹ́, kó kọ́kọ́ kí wọn dáadáa, kó má sì pe ẹni tó tó bàbá rẹ̀ ní "ìwọ".

Ibi tí ẹgbẹ́ wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká ni ọ̀rọ̀ gáréèjì. Àwọn méjì ní kí ọkọ̀ máa wá gbé wa lẹ́nu géètì ilé ìwé ká lè bọ́ lọ́wọ́ owó gáréèjì. Mo kọ̀ jálẹ̀. Adetayo Bamiduro àti Chinedu Azodoh, ọmọ Nàìjíríà méjì tó kàwé ní MIT, dá MAX sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2015. Wọ́n fi ọ̀kadà gbé ẹrù, wọ́n fi gbé èrò, wọ́n kọ́ àwọn ọlọ́kadà, wọ́n fún wọn ní akoto. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2020, ìjọba Èkó lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Gokada, tí òun náà ń gbé èrò, yíjú sí ẹrù gbígbé. Bó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ní owó àti lọ́yà, àwa tá a ní fóònù mẹ́rin ńkọ́? Dẹ́rẹ́bà kan ló tilẹ̀ sọ ọ́ jù fún wa: "Ẹ̀yin ọmọ mi, tẹ́ ẹ bá kàwé tán, ẹ ó lọ. Èmi àti wọn la jọ máa wà níbẹ̀." Nítorí náà, inú gáréèjì ni ọkọ̀ á ti gbéra, owó wọn á sì pé.

Ẹdẹ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ nípa ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé aago. Ojú irin tó dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901 ti kọjá lọ́dọ̀ wa dé Òṣogbo kí ọdún 1910 tó pé. Rélùwéè kì í dúró de ẹni tó ku ẹnì kan. Èyí tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 ò kọjá Ìbàdàn, torí náà ọ̀rọ̀ wa ṣì ń bẹ lọ́wọ́ Sienna.

Ohun kan ṣoṣo ni a ò tíì rí yanjú. Tí orúkọ bá pé méje, tí ẹnì kan ò wá ní aago kan, ta ni á san ìjókòó rẹ̀? Dẹ́rẹ́bà ní òun kọ́. Àwọn mẹ́fà tó tètè dé ní àwọn kọ́. Èmi rò pé owó tí ẹni náà ti san sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ padà sí i lọ́wọ́, kí ẹgbẹ́ sì fi èrè ọ̀sẹ̀ yẹn dí ìyókù, ṣùgbọ́n akápò wa ò tíì gbà. Ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ ti jáde, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba àjọ rí, ẹ gbà wá nímọ̀ràn kó tó di ìsinmi.