‘Kí Ó Wá Máa…’: Ìyàlẹ́nu, Iyèméjì àti Àìfọwọ́sí nínú Gírámà Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú gírámà Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ wa láàmú ju bí ó ti yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni ‘should’. Ohun tí a fi kọ́ wọn láti kékeré ni pé ‘yẹ kí’ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá pàdé ‘That he should insult his father!’, wọn a ní ó yẹ kí ọmọ bú bàbá rẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ èyí ní Ìkọ̀lé tàbí ní Ọyẹ́ tí kò ní lanu?

Bẹ́ẹ̀, Yorùbá ní ohun tí ó bá a mu régí: ‘Kí ọmọ wá máa bú bàbá rẹ̀!’ Kò sí ẹni tí ó ń pàṣẹ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń gbani nímọ̀ràn; ẹnu ya asọ̀rọ̀ ni, inú rẹ̀ kò sì dùn. Ọmọ tí ó gbọ́ èdè abínibí rẹ̀ ti mọ ẹ̀kọ́ yìí kí ó tó wọ kíláàsì. Olùkọ́ ni kò bi í.

Ibi tí èdè méjèèjì ti yapa ni ohùn. Elédè Gẹ̀ẹ́sì lè gbé ohùn sókè ní ìparí ‘He has gone’, kí ó sì di ìyàlẹ́nu tàbí iyèméjì. Tiwa kò rọrùn bẹ́ẹ̀, nítorí ohùn ni a fi ń ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà àti igba. Wúnrẹ̀n ni a máa ń lò: ‘Ó mà ti lọ o!’, ‘Ó ti lọ kẹ̀?’, ‘Ó ha ti lọ bí?’, ‘Ṣebí ó ti lọ?’ Ẹni tí ó bá pe gbogbo wọn ní ìbéèrè lásán kò tíì kọ́ gírámà. Ẹni tí ó sọ ‘ṣebí’ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí.

‘Àbí’ ńkọ́? Ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ti gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Nàìjíríà. Èmi kò ní kí a fi í sílẹ̀ nínú àròkọ ìdánwò o. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ wá máa na ọmọ nítorí rẹ̀! Kí ó kọ́kọ́ bi í ní ohun tí ó fẹ́ fi ‘àbí’ sọ, kí ó tó wá fi ‘hasn't he?’ hàn án.

Èrò mi ni pé kí ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì jọ kọ́ni ní orí-ọ̀rọ̀ yìí kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní Ìdó àti Ọ̀tùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Bámgbóṣé fi kọ ìwé gírámà Yorùbá rẹ̀ ní 1966, òun náà ni Awóbùlúyì fi kọ tirẹ̀ ní 1978. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka kejì kò lè ní àwọn kò rí i kà.